Kókó Ọ̀rá Inú Ìfun Ńlá: Èwo La Ó Fi Sílẹ̀, Èwo La Ó Yọ?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè wà lórí ìwé èsì àyẹ̀wò, kò sí èyí tó ń já èèyàn láyà tó "tumour", ìyẹn kókó tó hù nínú ara. Ẹni tó bá ti rí i, jẹjẹrẹ ló gbà pé òun ní. Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn láti Èkó dé ìlú òyìnbó, wọ́n á gba ààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ṣe àdúà ní mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan á sì ti sáré dé ọjà Kútọ̀ lọ ra àgbo. Bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì ka ọ̀rọ̀ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìwé kan náà: lipoma. Ọ̀rá ni. Ọ̀rá tó kó ara jọ di kókó sára ògiri ìfun ńlá, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí a kò sì mọ̀ mọ́ kó máa di jẹjẹrẹ.

Ní Abẹ́òkúta wa níbí, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbà rú èèyàn lójú. Àwọn kan ń sá fún kókó tí kò fẹ́ ṣe wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n ti ń wá owó iṣẹ́ abẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe. Àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ wọn jáde tipẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì tíì jẹ́ kí dókítà kankan wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ àwọn ìkejì yìí ló ń ká mi lára jù.

Kí ni kókó náà gan-an?

Kókó ọ̀rá kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn tàbí èjìká àwọn àgbàlagbà kan, ẹ óò rí kókó rọ̀bọ̀tọ̀ lábẹ́ awọ, tó ń yọ̀ tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, tí kò dùn wọ́n, tí wọ́n ti gbàgbé ọdún tó yọ. Ìdílé kan náà ni ti inú ìfun. Èyí tó wà léjìká kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, àmọ́ èyí tó wà nínú ìfun wà lójú ọ̀nà tí ìgbẹ́ ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti lè wá.

Ògiri ìfun ní ìpele ìpele. Èyí tó wà nínú pátápátá, tí ìgbẹ́ ń fara kàn, jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpele tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹran tó ń sún ìgbẹ́ síwájú, kí ó tó wá kan ìbora ìta. Nínú kókó ọ̀rá mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló ń hù ní ìpele kejì yẹn, lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí a máa padà sí i.

Apá ọ̀tún ikùn ló wọ́pọ̀ sí jù, láti ibi tí ìfun kékeré ti já sínú ìfun ńlá dé ibi tí ìfun ńlá ti ń gòkè lọ sápá ẹ̀dọ̀. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni wọ́n sábà ń bá a lára wọn, àwọn obìnrin sì pọ̀ díẹ̀ ju ọkùnrin lọ. Kì í ṣe àrùn tuntun, ọdún 1757 ni Bauer ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn. Nínú àwọn kókó ìfun ńlá tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ipò kẹta ni wọ́n máa ń kà á sí. Síbẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá, dókítà lè wo ìfun ọ̀pọ̀ èèyàn kó má rí ẹyọ kan.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Ṣé ẹran ọlọ́ràá tí mo ń jẹ ni?" Rárá. Ọ̀rá inú ọbẹ̀ kì í rìn lọ lúgọ sínú ògiri ìfun, àwọn èèyàn tínínrín náà sì ń ní kókó yìí. Ayamáṣẹ ọ̀fadà kò jẹ̀bi. Àgbo náà kò sì lè yọ́ ọ. Àgbo tó ń múni ṣu gbuuru á gbá ohun tó wà lójú ọ̀nà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ awọ ni kókó wà, kò sí lójú ọ̀nà. Mi ò bá àwọn elégbòogi jà o. Ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò kàn ni mo ń sọ.

Ìgbà tó bá ń dààmú èèyàn

Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n á wà níbẹ̀, ẹni tó ní wọn á jẹun, á sùn, á dàgbà, á sì bá ọ̀nà mìíràn lọ, kò ní mọ̀ láéláé. Nígbà tí wọ́n bá ń fi skáànù wá nǹkan mìíràn ni wọ́n máa ń ṣèèṣì rí i. Bó ṣe tóbi tó ló ṣe pàtàkì. Èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2, ìyẹn bíi fífẹ̀ àtàǹpàkò àgbàlagbà, kì í sábà ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bó bá ti lé ní 4, àwọn oníṣègùn á máa pè é ní òmìrán, àwọn tó sì ní irú rẹ̀ ni àmì àìsàn sábà máa ń hàn lára wọn.

Kí làwọn àmì náà? Inú á máa lọ́ èèyàn, á fi í sílẹ̀, á tún padà. Ìgbẹ́ tó ń wá déédéé tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège: inú á há lónìí, ìgbẹ́ gbuuru á dé lọ́la. Ẹ̀jẹ̀ náà lè yọ, torí pé bí ìgbẹ́ ṣe ń kọjá ló ń fi ara ha awọ tó bo kókó, títí awọ náà á fi bó, á sì di egbò. Ẹlòmíràn kì í rí ẹ̀jẹ̀ náà lójú rárá; díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń lọ, òun á kàn ṣàkíyèsí pé ó ti ń rẹ òun jù, pé òun ò lè gun òkè Ìtòkú mọ́ láì dúró sinmi.

Èyí tó léwu jù ni kí ìfun wọ inú ìfun. Iṣẹ́ ìfun ni pé kó máa fún ara rẹ̀, kó máa sún ohun tó bá wà nínú rẹ̀ síwájú. Kókó ńlá tó yọ sínú rẹ̀, ìfun ò mọ̀ pé kì í ṣe ìgbẹ́, á máa tì í lọ bákan náà. Kókó kò lè dá lọ. Á fa ògiri tó so mọ́ dání. Báyìí ni apá kan ìfun á ṣe wọ inú èyí tó wà níwájú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bùbá pẹ̀lú ìkánjú tí apá rẹ̀ sì wọ inú ara rẹ̀ lọ. Ọ̀nà á há, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibi tó ká sínú yẹn mọ́, bó bá sì pẹ́, ẹran ibẹ̀ á kú.

Àwọn ọmọ ọwọ́ ni a mọ̀ mọ́ ìfun tó ń wọ ìfun, lára tiwọn kì í sì í sábà sí kókó kankan nídìí rẹ̀. Ti àgbàlagbà yàtọ̀: nínú mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni nǹkan kan wà tó ń fà á, ó lè jẹ́ kókó ọ̀rá, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí dókítà kì í fi ojú kékeré wò ó lára àgbàlagbà.

Bí ikùn bá wú tó le, tí èèyàn ń bì, tí kò ya ìgbẹ́, tí kò tilẹ̀ só, tí inú sì ń lọ́ ọ tó ń fi í ká mọ́lẹ̀, kó má ṣe dúró di àárọ̀. Kó má mu àgbo, kó má lo oògùn tó ń múni ṣu, kí ẹnikẹ́ni má sì fín omi ọṣẹ sí i nídìí. Ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n gbé e lọ, lóru yẹn kan náà.

Jẹ̀díjẹ̀dí tí a fi ń bo gbogbo nǹkan

Ẹni tó bá gba Làfẹ́nwá tàbí Pánṣẹ́kẹ́ kọjá láàárọ̀ mọ àwọn ìyá tó ń fi ike ṣẹ́ àgbo fáwọn ọlọ́kadà àti àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ ò ní dúró pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ẹni tó ń sọ pé dídùn ti pọ̀ jù lára òun, pé òun rí ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n bá òun bu ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ìyá á bu ú, òun á gbé e mì, á nu ẹnu, á bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní àgbo ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀, á dúró, á tún ṣẹ̀, yálà èèyàn mu àgbo tàbí kò mu.

Ẹ̀jẹ̀ kì í kọ orúkọ sára ìgbẹ́. Ó lè jẹ́ iṣan tó wú ní ìdí, èyí tí wọ́n ń pè ní páìlì. Ó lè jẹ́ pé ojú ihò ìdí ya nítorí ìgbẹ́ líle. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ó lè jẹ́ kókó ọ̀rá tí a ń sọ yìí, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tètè rí i, ó ṣeé wò. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, tí oògùn kan náà ń wo gbogbo wọn, ẹni tó ní èyí tó léwu ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí rẹ̀, tèmi ni pé kó jẹ́ kí dókítà wo inú ìfun náà kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ kankan.

Wọ́n fi kámẹ́rà wò ó, wọ́n tún gé e, láàbù ní kò sí nǹkan kan

Àyẹ̀wò tó ń fojú rí inú ìfun ńlá ni colonoscopy: okùn rọ̀bọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà àti iná lórí, tí wọ́n ń gba ihò ìdí fi wọlé. Ìtìjú ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un. Mo gbà. Àmọ́ oògùn wà tí wọ́n fi ń mú ara èèyàn balẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í rántí púpọ̀ nínú rẹ̀ bó bá parí. Ẹ ṣáà mú ẹnì kan dání tó máa mú yín relé, ẹ má sì wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìmúrasílẹ̀ gan-an ló máa ń tán èèyàn ní sùúrù. Bí ọjọ́ bá ti ń kù díẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jìnnà sí àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ohunkóhun tó ní kóró, torí kóró ata rodo kan tó lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà tó láti dí dókítà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, omi àti ohun tó mọ́ gaara bí omi nìkan ni. Ògì kò sí nínú rẹ̀. Zobo kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kódà kó jẹ́ pé wọ́n sẹ́ ẹ dáadáa: àwọ̀ pupa rẹ̀ lè jọ ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, kó wá kó dókítà láyà jẹ lásán. Lẹ́yìn náà ni oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí òmíràn nínú wọn ń tó lítà mẹ́rin. Wọ́n sábà máa ń pín in sí méjì, apá kan nírọ̀lẹ́, ìyókù ní ìdájí. Ẹ ò ní jìnnà sí ṣáláńgá. Tí ohun tó ń jáde bá ti rí bí ìtọ̀, tí kò ní ìgbẹ́ kankan nínú mọ́, ẹ ti ṣe tán. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí kámẹ́rà bá dé ibi tí kókó wà, dókítà á rí nǹkan roboto, tó ń dán, tó pọ́n rúsúrúsú bí ọ̀rá adìẹ. Á fi irin kékeré tẹ̀ ẹ́: ibẹ̀ á jìn, á sì tún dìde padà. Àmì ìrọ̀rí ni wọ́n ń pe èyí. Á fi irin náà fa awọ orí rẹ̀ sókè, awọ á dá gòkè, kókó á dúró nílẹ̀. Bó bá sì gé ojú kan náà léraléra, ọ̀rá pọ́nrúsú á yọ jáde látinú ihò náà. Mẹ́ta yìí bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti yanjú lójú dókítà tó mọ iṣẹ́.

Ibí ni èsì láàbù ti wá ń da àwọn èèyàn láàmú. Dókítà ní, "Màmá, kókó wà níbẹ̀." Láàbù ní ohun tí wọ́n gé jẹ́ awọ ìfun lásán tí kò ní àrùn. Màmá á ní ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Kò sẹ́ni tó parọ́. Abẹ́ awọ ni kókó wà, mo ti sọ ọ́ lókè, bí wọ́n bá sì gé e lẹ́ẹ̀kan péré, irin kékeré yẹn kì í sábà kọjá awọ. Awọ ni wọ́n gbé lọ sí láàbù, awọ ni láàbù rí.

Ohun tó máa ń yanjú iyèméjì ni CT skáànù, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara. Kí a má ṣì í mú fún skáànù tí wọ́n ń fi jẹ́lì pa ikùn aboyún. Afẹ́fẹ́ inú ìfun kì í jẹ́ kí ìyẹn ríran dáadáa. CT ń fún gbogbo ohun tó bá rí ní nọ́ńbà: omi jẹ́ òdo, ẹran ara wà lókè òdo, ọ̀rá rì lọ sísàlẹ̀ òdo, láàárín -40 sí -120. Kókó tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, ọ̀rá ni. Ibi tó ti lè rú lójú ni bí awọ orí rẹ̀ bá ti di egbò tàbí bí ìfun bá ti ká wọnú ara wọn, ó lè wá jọ jẹjẹrẹ gidi. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ ló máa fi òtítọ́ hàn.

Ẹ béèrè ní FMC Ìdí-Àbà, ní ilé ìwòsàn ìjọba Ìjàyè tàbí ní Sacred Heart ní Láńtòrò, tó ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1895. Bí ohun tí ẹ nílò kò bá sí níbi tí ẹ lọ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí UCH ní Ìbàdàn tàbí sí Èkó. Ẹ mú gbogbo ìwé èsì yín dání, pẹ̀lú fíìmù tàbí síídì CT náà, kí wọ́n má bàa tún ní kẹ́ ẹ lọ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìtọ́jú rẹ̀

Kókó kékeré tí kò fa àmì kankan, tó sì dájú pé ọ̀rá ni, ẹ fi sílẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń ṣòro fún wa láti gbà, torí a ti san owó, a sì fẹ́ kí wọ́n fún wa ní nǹkan kan gbé relé. Ẹ má bínú sí dókítà tó bá ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń lọ́ni nínú, tàbí tí kò dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, yíyọ ni. Bó bá ṣeé yọ láti inú kámẹ́rà, wọ́n lè fi wáyà tí wọ́n ká bí okùn tàkúté gé e pẹ̀lú iná mànàmáná. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé omi inú ẹran ara ló ń jẹ́ kí iná kọjá, ọ̀rá kò sì ní omi púpọ̀. Iná á máa pẹ́ níbẹ̀ kó tó gé e, ooru á ràn mọ́ ògiri ìfun, ó sì lè jó o lu. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń ṣọ́ra fún èyí tó bá lé ní sẹ̀ǹtímítà 2 láti ìgbà pípẹ́. Lóde òní, àwọn tó ní ìrírí ń yọ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi okùn náílọ́ọ̀nù fún ìdí rẹ̀ pa, kí ẹ̀jẹ̀ má lè dé ibẹ̀ mọ́, á sì gbẹ já fúnra rẹ̀. Wọ́n sì lè gé awọ orí rẹ̀ nìkan kúrò, kí ọ̀rá máa sun jáde díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó tóbi jù, tó ti dí ìfun, tàbí tó ti fà á wọnú ara rẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kàn. Bó bá dá wọn lójú pé ọ̀rá ni, wọ́n lè la ìfun, kí wọ́n yọ kókó nìkan, kí wọ́n rán an padà. Bí kò bá dá wọn lójú, tàbí tí ibẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n á gé apá ìfun náà. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún, ìfun kékeré ni wọ́n á wá so mọ́ ìfun ńlá tó kù. Ìgbẹ́ lè máa rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ara á kọ́ ọ. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, ihò kéékèèké ni wọ́n ń gbà ṣe é.

Báàgì tí wọ́n ń so mọ́ ikùn kí ìgbẹ́ máa dà sínú rẹ̀ ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù. Fún kókó ọ̀rá tí wọ́n mú ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í sábà pọn dandan. Ẹni tó dúró títí ìfun rẹ̀ fi kú, tí wọ́n gbé dé lóru, ni wọ́n lè so ó mọ́ lára, òun náà sì lè jẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Bí wọ́n bá yọ ọ́ tán, kì í sábà padà. Ẹ gba èsì láàbù ti kókó odindi náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọ̀rá tó dàgbà délẹ̀ ni, kò sí pé ẹ̀ ń lọ fi kámẹ́rà wò ó lọ́dọọdún nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ adenoma, tó jẹ́ irú kókó mìíràn tó ń hù lára awọ ìfun, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ìyẹn lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Bákan náà, ẹni tó ní kókó ọ̀rá kò bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun tí gbogbo àgbà ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó ń gbani níyànjú lórí àyẹ̀wò sọ ọjọ́ orí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sí 45 lọ́dún 2021, láti 50 tó wà tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé á pa yín lẹ́rìn-ín. Kókó mìíràn ní ìdí tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi so kọ́, ìdí yẹn lè lọ́ pọ̀ títí á fi já, kókó á sì bá ìgbẹ́ jáde. Àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ sí wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà. Bí ẹ bá rí ẹran pọ́nrúsú kan nínú póò, ẹ má tíì da omi lé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mú un sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà lọ́jọ́ náà, kí láàbù lè bá yín wo ohun tó jẹ́.